Ọmọ mi SS ń tiro, orúnkún la rò pé ó ń dùn ún, àṣé ìbàdí ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

MàmáFèyí_ÒkèÀró

Ẹ kú ilé o. Mi ò kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí, mo kàn máa ń kà á lọ ni, ṣùgbọ́n eléyìí ti ju ohun tí mo lè dá gbé lọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, SS ni, ó ní síkúlà. Láti bíi oṣù 3 sẹ́yìn ló ti ń sọ pé orúnkún ọ̀tún ń dun òun. Mo ní kíráísìsì ni, ìrora síkúlà tó máa ń dé lójijì, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí, mo fún un lómi dáadáa, mo fún un ní parasítámọ́ọ̀lù, mo fi òrí pa á, á lọ á tún padà wá. Kíráísìsì tiẹ̀ kì í ju ọjọ́ 4 sí 5 lọ, èyí ò lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Bàbá ẹ̀ ní ó ń sín ọmọ kan jẹ ní kíláàsì wọn ni, a tiẹ̀ nà án lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì wá.

A ya X-ray orúnkún níbì kan, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n kọ oògùn, a padà sílé. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí dókítà kékeré kan, ọmọbìnrin, ní kó dùbúlẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, ó wá rọra yí i sínú báyìí, ọmọ yìí pariwo tí gbogbo wọ́ọ̀dù fi yíjú wò wá. Ó ní Mummy, orúnkún kọ́ o, ìbàdí ni. A ya ti ìbàdí, ó fi hàn mí lójú ara mi: orí eegun itan òsì rí roboto bí ọsàn, ti ọ̀tún ti ń tẹ́ lápá òkè. Ó ní AVN ni wọ́n ń pè é, pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, eegun yẹn ń kú díẹ̀díẹ̀.

Ṣé ọmọ mi á rìn dáadáa? Ṣé iṣẹ́ abẹ ló kàn? Wọ́n ní kó má fẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ọmọ tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù loúnjẹ ẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la sì ń gbé. Ìyá mi ní ká gbé e lọ bá bàbá kan tó ń to eegun lọ́nà Ìdànrè. Ẹni tó bá ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ekimogun_SS

Ẹ pẹ̀lẹ́ Mummy Fèyí. Ẹ má fi ti nínà yẹn jẹ ara yín níyà, wọ́n na èmi náà. SS ni mí, mo ti pé ọdún 36, Oǹdó ni mo dàgbà sí, ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí temi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ fi oṣù 3 ṣe, ọdún 4 lèmi fi ṣe é. Mò ń gun ọ̀kadà lọ sílé ìwé, mò ń pọnmi, mò ń bá wọn lọ sóko kòkó ní Sátidé, ẹni tó bá rí mi tí mò ń tiro á ní ẹsẹ̀ síkúlà náà ni, ó máa lọ. Ó wá di pé kò dúró dìgbà tí mo bá rìn mọ́, mo dùbúlẹ̀ lóru ó ń dùn mí, ìbọ̀sẹ̀ ń fẹ́ ṣòro láti wọ̀. Ìgbà tí wọ́n máa fi ya fọ́tò ẹ̀, orí eegun ti wó, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti fi bíi ìnṣì 1 kúrú sí òsì. Ṣúmékà kan ló ń bá mi fi rọ́bà kún ìdí bàtà ẹsẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lo yunifásítì já.

Wọ́n ò tètè fún mi ní ìbàdí àtọwọ́dá torí kì í lò títí ayé, ó lè tó ọdún 15 tàbí 20 kí ó tó jẹ, ẹni tí wọ́n bá sì ti ṣe é fún ní kékeré á tún padà wá ṣe é, èkejì sì máa ń le ju àkọ́kọ́. Mo fara dà á títí mo fi pé 31, wọ́n wá ṣe é. Lónìí mò ń gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láì di nǹkan kan mú. Mi ò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà yín o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọdún 9 àti oṣù 3, ẹ ṣì tètè mọ̀. Ká ní ẹnì kan yí ẹsẹ̀ temi náà sínú báyẹn nígbà tí mo wà ní 13 ni.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kọ púpọ̀ nípa ẹ̀: ìrora ojoojúmọ́ ló sọ mí di ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ apàrora kiri. Mo ti bọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrora ọmọ yín di ohun tí kẹ́mísì àdúgbò ń bá yín ṣètọ́jú.

Nọ́ọ̀sì_Alágbàká

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ti orúnkún yẹn, torí òun ló ń tan gbogbo wa jẹ, títí kan àwa tá a wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣan tó ń gbé ìrora wá láti ìbàdí, òun kan náà ló tún ya lọ sí itòsí orúnkún, ọmọ ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ibi tó bá ń gbọ́ ọ ló máa nawọ́ sí. Torí náà ọmọ SS tàbí SC (irú síkúlà mìíràn) tó bá ní orúnkún tàbí iwájú itan ń dun òun, tí orúnkún ò wú tí ò sì gbóná, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìbàdí wò, kẹ́ ẹ sì tẹnu mọ́ ọn. Kì í ṣe àfojúdi.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AA máa ń lò tó ọjọ́ 120, ó rọ̀, ó lè ká ara ẹ̀ kò kó gba ojú òpó tín-ín-rín kọjá. Ti SS máa ń le, á tẹ̀ bíi dòjé, ó sábà máa ń kú láàárín ọjọ́ 10 sí 20, ó sì máa ń dì mọ́ ara wọn. Orí eegun itan wàyí, òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ síbẹ̀ kéré, kò sì pọ̀. Ẹ wo ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú ojú ọ̀nà Ọba Adésidà l'Àkúrẹ́ níbí, ẹ ṣì lè bẹ́ gba Arákálẹ̀, ẹ lè gba ẹ̀yìn. Orí eegun yẹn ò ní ẹ̀yìn tó lè gbà. Tí ibẹ̀ bá ti dí, oúnjẹ tán, eegun bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á máa rọ̀, gbogbo ara tí ọmọ ń gbé sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbàkigbà tó bá gbẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó má fi tẹlẹ̀. Kì í ṣe pé ìsinmi ń jí eegun tó kú o, ó kàn ń dúró de ara kó fúnra ẹ̀ tún un ṣe kó tó wó.

Ẹ gbọ́ èyí náà: X-ray lè mọ́ lákọ̀ọ́kọ́ nígbà tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. MRI, fọ́tò tó ń fi òòfà wo inú eegun, ló ń tètè rí i. Tí wọ́n bá ní X-ray dáa tí ọmọ ṣì ń tiro lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, 3, ẹ má gbà pé ó parí síbẹ̀.

Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fún ọmọ ní dẹ́sà kó lè sanra? Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á lọ́jà, àwọn hóró oògùn kéékèèké tí wọ́n ń dì sínú lọ́ọ̀rá pẹ̀lú oògùn amúni-jẹun. Dexamethasone àti prednisolone, tí èèyàn bá ń lò ó ṣáá, àwọn gan-an lè pa orí eegun itan ẹni tí kò tiẹ̀ ní síkúlà, ká má tíì sọ ẹni tó ní in. Ibuprofen náà, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ kídìnrín ọmọ wò kí ẹ tó sọ ọ́ di ti ojoojúmọ́, ẹ má fún un lófìfo ikùn, ẹ má sì fún un rárá tó bá ń bì tàbí tí omi ara ẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

IyaAgba_Arákálẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ohun gbogbo ni dókítà. Arọmọléegun là ń pè é láyé ìgbà tiwa, a mọ àgbo ẹ̀. Bàbá tó ń to eegun yẹn ló to apá ọkọ mi lọ́dún tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, apá yẹn ò sì wọ́ títí tó fi kú. Ẹ gbé ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n fà á, kí wọ́n fi igi dè é.

Físíò_SouthGate

Màmá, ẹ kúuṣẹ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò bú àwọn ato-eegun, eegun tó dá ni bàbá yẹn tò fún ọkọ yín. Èyí ò dá, ó ń kú ni. Ibi tó ti rọ̀ bí iṣu tó ń rà, téèyàn bá lọ fà á tó sì lọ́ ọ, ó lè parí iṣẹ́ tí síkúlà bẹ̀rẹ̀. Àgbo náà, a ò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ẹ̀, kídìnrín ọmọ SS ò sì lágbára tó ti ọmọ mìíràn.

IyaAgba_Arákálẹ̀

Mo gbọ́. Òrí ńkọ́?

Físíò_SouthGate

Òrí ò burú rárá Màmá. Ẹ lọ́ ọ lówọ́, ẹ rọra fi pa á lójú itan, ẹ kàn má fa ẹsẹ̀.

BàbáỌlọ́mọge_Ìjàpọ̀

Ọmọ mi obìnrin ní in nígbà tó wà ní ọdún 7, ó ti fẹ́ pé 12 báyìí. Dókítà eegun tó rí i sọ nǹkan kan fún mi tí mi ò gbàgbé: ó ní ẹ ti jẹ mọ́ínmọ́ín alágolo rí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí ló dé tó fi rí roboto, mo ní torí agolo ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ lorí eegun ọmọdé rí, ó ṣì lè rọ̀ kó tún le padà, ihò ìbàdí ni agolo, tá a bá jẹ́ kó jókòó dáadáa sínú agolo ẹ̀ títí á fi le, á jọ roboto. Tó bá yọ síta díẹ̀, bó ṣe yọ yẹn ló máa le sí. Ti àgbàlagbà ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, tiẹ̀ ti le tán, tó bá wó ó wó. Ìyẹn ni ọjọ́ orí Fèyí fi jẹ́ ohun tó dáa nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n fi nǹkan kan ya ẹsẹ̀ ọmọ temi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí orí eegun lè dúró sínú, ó lo ọ̀pá, ó ṣe físíò, wọn ò là á. Ẹsẹ̀ yẹn ò yí sínú tó èkejì, tó bá rìn jìnnà á rẹ̀ ẹ́, kò lè lóṣòó pẹ́. Ṣùgbọ́n kò tiro. Fún àwọn ọmọ kan wọ́n máa ń gé eegun wọ́n á tún igun ẹ̀ ṣe kó lè wọ inú ihò dáadáa, ti oníkálùkù ló yàtọ̀, ẹ má bínú tí dókítà tiyín bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí temi. Tó bá wá di iṣẹ́ abẹ, ẹ rí i pé dókítà ẹ̀jẹ̀ àti dókítà eegun jọ sọ̀rọ̀, torí wọ́n sábà máa ń fún ọmọ SS lẹ́jẹ̀ kó tó wọlé, kí Hb ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ gòkè sún mọ́ 10 g/dL, kí wọ́n sì má jẹ́ kí òtútù mú un tàbí kí omi gbẹ lára ẹ̀.

Ibi tá a ti rìn: a bẹ̀rẹ̀ ní UNIMEDTH níbí, ilé ìwòsàn yunifásítì ìṣègùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ lẹ́tà fún wa lọ sí Ifẹ̀. Àwọn mìíràn ń lọ FMC Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, tó bá le gan-an wọ́n ń lọ ilé ìwòsàn eegun Ìgbòbí ní Èkó. Ẹ gba sí-dì fọ́tò yín dání, ẹ má fi sílẹ̀ síbì kankan, mo ti san owó X-ray kan náà lẹ́ẹ̀mẹta rí torí pé mi ò ní ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́.

MamaSC_Ìjọ́kà

Mo fẹ́ fi èyí kún un kí ẹnikẹ́ni má bàa ka gbogbo èyí kó wá jókòó sílé. Temi jẹ́ SC, àwọn èèyàn máa ń sọ pé SC fúyẹ́, ẹ gbàgbé ìyẹn, AVN ń mú SC náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ti ọmọ temi kì í ṣe AVN. Ọmọ ọdún 5, ó jí láàárọ̀ kò lè gbé ẹsẹ̀ òsì, ẹni tó bá fọwọ́ kan án á ké, ara ẹ̀ gbóná gan-an. Mo ti ń ronú kíráísìsì, mo ti ń po omi gbígbóná. Àbúrò mi ló ní rárá, ká lọ. Kòkòrò ló wọ inú oríkèé ìbàdí, ọyún ti wà níbẹ̀, wọ́n fà á jáde lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ kejì, kẹta, ọyún yẹn fúnra ẹ̀ á ti jẹ eegun. Salmonella, irú èyí tó ń fa tífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n ní òun ló máa ń wọ eegun àwọn ọmọ síkúlà ju ti àwọn ọmọ mìíràn lọ.

Nítorí náà: èyí tó ń fa díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé oṣù, ẹ lọ yà á. Èyí tí ibà bá wà níbẹ̀ tí ọmọ ò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbéra, ìbáà ṣe Sunday.

Tíṣà_ṢàgáríVillage

Ẹ kọ lẹ́tà sílé ìwé, kí dókítà fọwọ́ sí i, kí wọ́n gbé kíláàsì ẹ̀ sísàlẹ̀ tó bá jẹ́ òkè ló wà. Ìwé ẹ̀ méjì-méjì, ọ̀kan nílé ọ̀kan ní kíláàsì, kó má bàa gbé báàgì. Kó má dúró ní àsẹ́ńbílì. Kí wọ́n mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ máa mu omi, kó sì máa jáde lọ tọ̀ nígbà tó bá fẹ́. Ilé ìgbẹ́ sì ni ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè: púpọ̀ nínú tiwa, ìlóṣòó ni, ọmọ tí ìbàdí ń dùn kò lè lóṣòó, á wá máa mú ìgbẹ́ mọ́ra, kò ní mu omi kí ó má bàa tọ̀, kíráísìsì á wá dé látàrí ìyẹn. Mo ní ọmọ kan bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì mi, a ní kí káfíńtà da ihò sídìí àga onípákó kan, ó tán síbẹ̀.

Ti bọ́ọ̀lù, ẹ má kàn sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀. Ẹ bá olùkọ́ eré ìdárayá sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún un ní àga, fèrè, àti ìwé tí yóò máa kọ góòlù sí. Ọmọ tèmi yẹn, wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀ ju rẹfirí gidi lọ.

Físíò_SouthGate

Ẹ jẹ́ n padà sórí iṣẹ́ mi. Ọ̀pá abẹ́ abíyá, krọ́ọ̀ṣì yẹn: kò gbọ́dọ̀ kan abíyá. Ìka 2 sí 3 gbọ́dọ̀ lè wọ àárín wọn, ọwọ́ ni kó fi gbé ara, tó bá ń rọ̀ mọ́ ọn lábíyá ọwọ́ á máa kú. Tó bá di àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń dùn ló ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Tó bá wá di pé ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń lò lọ́jọ́ iwájú, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ló máa fi mú un. Ó dà bí ẹni pé kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò fúnra yín.

Físíò ilé: kó máa dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún bíi ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, torí ọmọ tó bá ń jókòó látàárọ̀, ìbàdí ẹ̀ á ká kò wọn ò ní lè nà án mọ́. Kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó máa gbé ẹsẹ̀ òkè sókè, díẹ̀díẹ̀, ibi tí ìrora bá ti dá a dúró kó dúró. Lílúwẹ̀ẹ́ dára ju gbogbo ẹ̀ lọ torí omi ló ń gbé ara, ṣùgbọ́n ti ọmọ síkúlà wàhálà ni, omi tútù lè fa kíráísìsì. Òtẹ́ẹ̀lì ni púùlù wà láàárín ìgboro, ẹ lọ lọ́sàn-án gangan nígbà tí oòrùn bá ti mú omi, kó má pẹ́, ẹ mú aṣọ ìnura méjì àti súwẹ́tà dání. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí níkọ̀kọ̀ nípa lílu ihò sórí eegun kí ẹ̀jẹ̀ lè wọlé: wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 fi àwọn oní-síkúlà tó ṣe é pẹ̀lú físíò wé àwọn tó ṣe físíò nìkan, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 3 wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe é. Mo ní kẹ́ ẹ bi dókítà yín pé kí ló fẹ́ kó ṣe fún ọmọ yín gan-an. Ẹ sì ní kí wọ́n wo ìbàdí kejì, ó wọ́pọ̀ kó mú méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì_Alágbàká

Mo gbàgbé hydroxyurea. Ó ń dín kíráísìsì kù, tí dókítà bá kọ ọ́ ẹ lò ó, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Kò lè tún eegun tó ti tẹ́ ṣe o. Folic acid àti Paludrine tó ń dènà ibà, ẹ má dá a dúró nítorí pé ọ̀rọ̀ ìbàdí ti gba ọkàn yín.

MàmáFèyí_ÒkèÀró

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ọjọ́ 12 rèé. A ti ṣe MRI. Ohun tí Físíò sọ ló rí, òsì náà ti ní àmì, kékeré ni, X-ray ò tiẹ̀ rí i. Mo sunkún tán nínú mọ́tò kí n tó délé. Dókítà ní ó dáa tá a tètè rí ti òsì, kò tíì tẹ́ rárá, kò sí iṣẹ́ abẹ báyìí, wọ́n á tún yà á lẹ́yìn oṣù 3. Ṣùgbọ́n krọ́ọ̀ṣì tí mo rà, wọ́n ní kó má gbé gbogbo ara lé òsì mọ́, inú ilé nìkan ni kó máa lò ó, tó bá di ibi tó jìnnà kẹ̀kẹ́ arọ ni. Orúkọ yẹn gan-an ni mi ò lè pè níwájú ẹ̀. Òun ló pè é fúnra ẹ̀, ó ní Mummy, ṣé ó máa ní bíréèkì?

Bàbá ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nítorí ìjọ́sí. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ ó bẹ ọmọ ọdún 9. A ti bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, a máa kó sí yàrá ìsàlẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, títí dìgbà náà èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n gòkè, kìlógíráàmù 23, ẹ̀yìn mi ti gbọ́. Ìyá mi ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ó ń fi òrí pa á, kò fà á.

Kẹ̀kẹ́ tuntun ju agbára wa lọ.

Ekimogun_SS

Mummy, ẹ má ra tuntun. Ẹgbẹ́ wa ní ọ̀kan níbí, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ọmọ tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ti ń rìn. Ó ní bíréèkì. Táyà kékeré iwájú kan ni kò yí dáadáa, ẹni tó ń tún báísíkù ṣe á ṣe é. Ẹ wá gbé e ní Sátidé, tí ẹ bá wọ mọ́tò láàárọ̀ ẹ máa padà kí oòrùn tó mú.

MàmáFèyí_ÒkèÀró

Háà. Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Kí ni kí n mú bọ̀?

Ekimogun_SS

Ẹ má mú nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wọn ìlẹ̀kùn kíláàsì ẹ̀ àti ti ilé ìgbẹ́ lọ́la, kẹ̀kẹ́ yẹn fẹ̀ tó ìnṣì 22.

Tíṣà_ṢàgáríVillage

Ẹ wọn ti sítọ́ọ̀ eré ìdárayá mọ́ ọn, ibẹ̀ ni fèrè ń gbé.